Odò Ògùn: Ẹni Tó Ń Jẹ Oore àti Ẹni Tó Ń San Owó Rẹ̀

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, àwọn tó ń gbé Ìṣẹ́rì, Wáréwà, Àkùtè àti Ajégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú a máa tẹ́tí sí ìròyìn nípa dáàmù Ọ̀yán, tí omi rẹ̀ ń bọ́ sínú odò Ògùn, dáàmù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kàn rí. Ojú ọ̀run lè mọ́ ní Èkó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí oòrùn máa ràn, kí omi sì wọ pálọ̀ wọn bákan náà. Òjò tó rọ̀ ní Òkè-Ògùn ló wá bá wọn nílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Dáàmù kún dé góńgó, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, omi sì ya wọ Ajégúnlẹ̀ àti agbègbè Máìlì 12, ó lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò lábẹ́ òrùlé wọn.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn dáàmù ni gbogbo èèyàn ń bá wí. Lójú tèmi, ìbáwí náà kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ẹni tó ń sun èédú lókè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń mu omi ẹ̀rọ ní Èkó wà níbẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ àkùrọ̀ fún onílé wà níbẹ̀, ẹni tó rà á náà kò sì gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ni odò Ògùn ń ṣe lóore, àmọ́ bí ẹnì kan bá ti ń jẹ oore tirẹ̀ lókè, ó ń yí èyí tó yẹ kó kan ẹlòmíràn nísàlẹ̀ padà. Nígbà mìíràn, oṣù díẹ̀ ló máa ń gbà kó tó hàn. Nígbà mìíràn, ó lè tó ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó jẹ oore àkọ́kọ́ sì lè ti kú.

Àwọn onímọ̀ tó lé ní 1,300 ló pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí ńlá kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé pè fún, tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2005, lórí ohun tí ìṣẹ̀dá ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ohun tí à ń fọwọ́ kó wà níbẹ̀: oúnjẹ, omi, igi, ẹja, ewé oògùn. Iṣẹ́ ìkóníjàánu wà níbẹ̀, bí igbó ṣe ń dá omi òjò dúró kó má baà ya lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí bí irà ṣe ń sẹ́ ẹ̀gbin kúrò nínú omi. Ti àṣà àti ti ẹ̀mí wà níbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó gbé àwọn yòókù ró, irú èyí tó ń sọ ewé tó rẹ̀ di ilẹ̀dú. Ìpín yìí wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè mú kí a rò pé èèyàn lè mú ọ̀kan kó fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn wọ́n. Nínú odò, omi kan náà ló ń ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jẹ́ ká ti òkè bẹ̀rẹ̀. Agbègbè Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó la inú ọgbà ìpamọ́ ẹranko tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú rẹ̀ kọjá, ó gba ìhà Ìsẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni òkè yẹn. Igi ẹ̀mí tí a ti ń rí òrí wà níbẹ̀, igi irú wà níbẹ̀, àyìn tí àwọn tó ń sun èédú fẹ́ràn jù náà wà níbẹ̀. Àpò èédú tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó jọ gègèrè wá sí Ìbàdàn àti Èkó, irú igi bẹ́ẹ̀ ni. Owó gidi ló ń tibẹ̀ wọlé fún ẹni tó ń sun ún, owó tó ń fi rán ọmọ nílé ìwé, tó sì fi ń ra oògùn fún ìyá rẹ̀, nítorí náà n kò ní í pè é ní ọ̀daràn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀ síbi tí igi wà. Ewé ló kọ́kọ́ gba ẹ̀kán òjò, kò jẹ́ kó fi gbogbo agbára lu ilẹ̀. Nísàlẹ̀, ekòló, ìkán àti gbòǹgbò tó ti jẹrà ti la ihò wẹ́wẹ́ sínú ilẹ̀, omi a gba ibẹ̀ wọlé, a sì máa rọra yọ́ lọ sínú odò fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù. Níbi tí wọ́n ti gé igi tí iná sì ti jó, ẹ̀kán òjò ń lu ilẹ̀ ní ìhòòhò. Ojú ilẹ̀ a dì, a le gbagidi. Omi tí ì bá wọlé a wá máa sáré lórí rẹ̀, a gbá erùpẹ̀ dání, a forí lé odò. Ìwọ̀n òjò kan náà ló rọ̀ síbi méjèèjì. Níbi àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ di omi kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi kejì, ó di ìkún omi kí ẹni tó sun èédú tó ta àpò tó kẹ́yìn tán.

Kò wá túmọ̀ sí pé bí igi bá ṣe pọ̀ tó ni omi yóò ṣe pọ̀ tó. Igi náà ń mumi. Ní Saponé, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn onímọ̀ kan wo bí omi ṣe ń wọ abẹ́ ilẹ̀ nínú oko tí igi ẹ̀mí wà káàkiri rẹ̀, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde ní 2016. Níbi tí kò sí igi rárá, omi ń ṣàn lọ tàbí kí oòrùn fà á lọ. Níbi tí igi pa pọ̀ jù, igi a mu èyí tó bá wọlé. Ibi tí igi mọ níwọ̀n, tí kò ṣọ̀wọ́n tí kò sì dí, ni omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń pọ̀ jù lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, nítorí àwọn àgbẹ̀ ọ̀dàn wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé: bí wọ́n bá ń ṣán oko, wọ́n á fi igi ẹ̀mí àti igi irú sílẹ̀ lóòró láàárín ebè. Òrí àti irú ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Omi tí ará ìsàlẹ̀ ń rí níbẹ̀, èlé orí owó ni.

Ọ̀rọ̀ owó yìí gan-an ni gbòǹgbò ìṣòro náà. Òrí ní iye tí à ń tà á lọ́jà, èédú náà ní iye tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ fún àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn nítorí omi tí igi rẹ̀ dá dúró fún ará Èkó. Ọdún tí òrí kò bá ta dáadáa, tí iye èédú sì lọ sókè, igi tó wà lóòró yóò máa dà lójú rẹ̀ bí owó tó ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi dáàmù. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń ṣàn bọ́ sínú odò Ògùn, dáàmù tó wà lórí rẹ̀ sì fi nǹkan bí 20 kìlómítà jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní oṣù kẹta ọdún 1983. Ó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n rán an: kó fún Abẹ́òkúta àti Èkó ní omi tí wọn yóò sẹ́ fún mímu, kó fún oko tó tó 3,000 hẹ́kítà lómi, kó sì mú iná mẹ́gáwáàtì 9 jáde. Ẹ̀rọ iná mẹ́ta tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní ọdún yẹn lò ju ogún ọdún lọ láìmú iná jáde. Iṣẹ́ kẹrin tí gbogbo èèyàn wá ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ni kó máa dá ìkún omi dúró.

Iṣẹ́ kìíní àti ìkẹrin yìí kì í gbé pọ̀ láìjà. Ní oṣù kẹta, adágún ti fà sẹ́yìn, etí rẹ̀ ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ilé iṣẹ́ omi Arákàngà ní Abẹ́òkúta ń retí omi, ilé iṣẹ́ omi Adíyàn tó ń fa omi odò Ògùn ní Àkùtè fún Èkó ń retí omi. Ó di oṣù kẹfà, òjò bẹ̀rẹ̀, adágún ń ga díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn dáàmù gbọ́dọ̀ pinnu nígbà náà. Bó bá tọ́jú gbogbo omi tó ń wọlé, adágún yóò ti kún kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá kò ní í rí àyè, yóò sì di dandan kó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu ní àkókò tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti mu omi yó, tí ọ̀sà Èkó náà sì ti kún. Bó bá rọra ń tú u sílẹ̀ láti oṣù keje kí àyè lè ṣẹ́ kù, tí òjò ìkẹyìn kò wá rọ̀ tó, adágún tí kò kún ni yóò fi pàdé ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn yóò máa bi í léèrè ibi tó da omi sí.

Àyè tó ṣófo nínú dáàmù ni ààbò fún ará Ìṣẹ́rì. Omi tó kún àyè yẹn ni ohun mímu fún ará Ìkẹjà. Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ń dù, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni lè dá tí yóò fi kún tí yóò sì ṣófo pọ̀. Erùpẹ̀ tó ń bá ọ̀gbàrá wá láti òkè tún ń jẹ nínú àyè náà lọ́dọọdún, nítorí yanrìn àti ẹrẹ̀ tó bá ti rì sísàlẹ̀ adágún kì í jáde mọ́. Bí igi òkè ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Gígé rẹ̀ ń mú kí omi yára dé, ó sì ń sọ ibi tó yẹ kó gba omi di kékeré.

Ará Èkó àti ará Ìṣẹ́rì ṣì lè pariwo kí ìjọba gbọ́. Àwọn tó ń gbé etí adágún ni ohùn wọn kì í sábà dé ọ̀nà jíjìn. Abúlé Titun, Ìbàrò àti Apojola wà lára àwọn abúlé tó wà létí omi náà. Omi adágún ni wọ́n ń wẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pẹja. Dáàmù náà kò tíì pẹ́ tí àwọn olùwádìí fi rí i pé àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ọmọdé máa tọ ẹ̀jẹ̀, ti gbilẹ̀ láàárín wọn. Aràn tó ń fa àrùn náà kò lè ti ara èèyàn kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn tààrà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé inú ìgbín omi kékeré kan kó fi dàgbà níbẹ̀, kó tó jáde sínú omi tí yóò sì gba awọ ara wọlé. Odò tó ń ṣàn kíkankíkan kì í jẹ́ kí ìgbín yìí fìdí múlẹ̀. Omi tó dúró jẹ́ẹ́, tí koríko wà létí rẹ̀, ni ibùgbé rẹ̀, adágún dáàmù sì ni irú omi bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dá kan wà tó máa ń jẹ ìgbín náà. Edé ńlá inú odò ni, èyí tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń tò sórí atẹ ní Ẹ̀pẹ́, tí apá rẹ̀ méjèèjì gùn gbọọrọ tó gbogbo ara rẹ̀. Ìgbésí ayé edé yìí yà mí lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Omi odò tí kò níyọ̀ ló ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè dàgbà láìsí iyọ̀. Abo a máa gbé ẹyin mọ́ abẹ́ ikùn, a bá odò sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun. Níbẹ̀ ni ẹyin ti ń pa, tí ọmọ ti ń dàgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí a gbéra, wọ́n á máa wọ́ tẹ̀lé etí odò lóru, wọ́n á máa fẹsẹ̀ gun òkúta, títí wọn yóò fi dé òkè níbi tí ìyá wọn ti wá. Bí ògiri bá dí ọ̀nà, ìrìn wọn parí síbẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Senegal ti rí i. Wọ́n parí dáàmù Diama ní 1986 nítòsí ẹnu odò Senegal, kí omi iyọ̀ má baà máa wọ oko ìrẹsì. Ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún: oko ìrẹsì àti oko ìrèké rí omi tó dára. Àmọ́ edé kò rí ọ̀nà gòkè mọ́, ìgbín sì gbilẹ̀ nínú omi tó ti dákẹ́. Kò tó ọdún mẹ́ta tí irú àtọ̀sí kan tó ń mú ìfun fi bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Richard-Toll, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì tàn ká agbègbè náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí dá edé padà sínú omi abúlé kan níbẹ̀, ìgbín tó gbé àrùn dín kù, àwọn èèyàn tó ń tún un kó lẹ́yìn ìtọ́jú náà sì dín kù. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ àbọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, iyọ̀ tó wà lẹ́nu òkun lè pinnu bóyá ọmọdé kan tó jìnnà réré sí etíkun yóò tọ ẹ̀jẹ̀ tàbí kò ní í tọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wo odò níbì kan ṣoṣo kò lè rí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Láti ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta ni ilẹ̀ ti ń tẹ́jú. Láyé àtijọ́, odò a máa kún jáde sórí ilẹ̀ ọ̀tún àti òsì rẹ̀ lọ́dọọdún, a dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a sì fà. Ẹrẹ̀ ọlọ́ràá tó bá fi sílẹ̀ ni olóko àkùrọ̀ ń dúró dè. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ òkè ti gbẹ tó ń ya, yóò fi ọkọ́ gbẹ́ kànga tí kò jìn ju ìbàdí rẹ̀ lọ sáàárín ebè, yóò máa fi garawa bu omi níbẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá àti àgbàdo tútù tí ará Èkó ń rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ilẹ̀ náà tún ń ṣe iṣẹ́ kejì tí kò ní iye lọ́jà. Ibẹ̀ ni omi ti ń tẹ́ rẹrẹ, tí ìyára rẹ̀ ń dín kù, tí ẹ̀gbin tó gbé dání ń rì sílẹ̀, kó tó wọ ọ̀sà.

Nígbà tí Èkó kún àkúnwọ́sílẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì sún mọ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn di wúrà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi yanrìn kún un, yanrìn tí wọ́n wà nínú odò náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó fi yanrìn gbé ilẹ̀ tirẹ̀ sókè kò lé omi lọ. Ó tì í sí ilé ẹni tí kò lówó yanrìn ni. Dáàmù náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lọ́nà kan tí a kì í sábà sọ. Bó ṣe ń dá ìkún kéékèèké dúró láti ọdún dé ọdún, ó mú kí ilẹ̀ àkùrọ̀ dà bí ibi tó ṣeé kọ́lé sí. Ọdún tí ìkún ńlá tó ju agbára rẹ̀ lọ bá dé, omi wá ń bá pálọ̀ àti bẹ́ẹ̀dì níbi tó ti ń bá ewédú tẹ́lẹ̀. Bí mo bá kọjá lórí afárá odò Ògùn lẹ́bàá ọjà màlúù Kárà, tí mo rí òrùlé tuntun tó ń yọ jáde láàárín koríko irà, àánú àwọn tó ná owó ìfẹ̀yìntì wọn síbẹ̀ máa ń ṣe mí.

Ọ̀sà Èkó ni odò náà ń wọ̀ kó tó dé òkun. Nígbà òjò, omi odò a borí, iyọ̀ ọ̀sà a lọ sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, iyọ̀ a tún gòkè. Lọ́nà yìí ni epìyà, òbòkún, akàn àti edé fi ń rí àkókò tó bá oníkálukú wọn mu. Koríko àjèjì olódòdó àlùkò, tó ya wọ omi Èkó ní nǹkan bí 1984 tó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ apẹja, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa á nínú ọ̀sà lọ́dọọdún, kí omi òjò tó gbé òmíràn wá. Apẹja kò kàn fẹ́ omi púpọ̀ tàbí omi díẹ̀. Ó fẹ́ kí èyí tó tọ́ dé lásìkò tó tọ́, àsìkò yìí sì wà lára ohun tí ilẹ̀kùn dáàmù lókè ń yí padà.

Oore kan wà tí kò dúró lẹ́nu ọ̀sà. Yemọja ni òrìṣà odò Ògùn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ Yorùbá gbé e lọ́kàn kọjá òkun. Ní Kuba wọ́n ń pè é ní Yemayá. Ní Brazil, etí òkun ni wọ́n ti ń bọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún un ní Rio Vermelho, nílùú Salvador. Odò kan tó ṣẹ̀ ní Ṣakí wá ń tu àwọn tí kò mọ Ṣakí nínú. Síbẹ̀ àwọn olùfọkànsìn Salvador kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ lórí ohun tí a ń dà sínú odò náà nílé.

Àwọn tó wà nílé gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo àpẹẹrẹ odò Ọ̀ṣun. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó hẹ́kítà 75. Oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ jà fún un nígbà tí wọ́n fẹ́ pín in bí ilẹ̀ lásán, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Igi rẹ̀ wà lóòró, ọ̀bọ ń bẹ lórí wọn. Ṣùgbọ́n ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Àwọn tó ń wa wúrà lókè, ní ìhà Ìjẹ̀ṣà, ti bà á jẹ́, omi ti pọ́n bí amọ̀. Hẹ́kítà 75 ni òfin igbó náà ká. Omi tó ń gba àárín rẹ̀ kọjá ń ti ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì wá.

Òfin odò Ògùn náà kò ká a. Òkè-Ògùn wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Dáàmù Ọ̀yán jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Wáréwà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Máìlì 12 wà ní ti Èkó. Oníkálukú lè ṣe ìṣirò tó tọ̀nà lójú tirẹ̀, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àdánù. Ìlú New York bá irú èyí pàdé. Orí òkè Catskill ni púpọ̀ nínú omi tí wọ́n ń mu ti ń wá, àwọn àgbẹ̀ ló sì ń gbé ibẹ̀. Ní 1997, ìlú náà bá àwọn ará òkè ṣe àdéhùn pé òun yóò náwó lórí oko, igbó àti ṣáláńgá wọn kí omi lè mọ́ láti orísun. Owó náà lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, síbẹ̀ ó kéré púpọ̀ sí iye tí ilé iṣẹ́ ìsẹ́mi tuntun ì bá ná wọn.

A kò lè gbé àdéhùn yẹn wá síbí bó ṣe wà. Ará New York ń san owó omi, inú owó yẹn ni wọ́n ti ń san ti àgbẹ̀. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ilé ni omi ìjọba kò dé. Omi bọ̀họ̀ àti píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń rà, kò sì sí ìwé owó omi tí a lè fi ti àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn kún. Ibi tí owó wà ní tiwa ni ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí ìsàlẹ̀ odò Ògùn ń san owó ìwé àṣẹ, ẹni tó fẹ́ wa yanrìn náà ń sanwó. Kí a ya ìdá kan nínú owó wọ̀nyí sọ́tọ̀ fún àgbẹ̀ tó bá fi igi ẹ̀mí àti igi irú sílẹ̀ lóòró ní Òkè-Ògùn, kí ìwọ̀n igi tí yóò fi sílẹ̀ sì jẹ́ èyí tó bá omi mu, kó má baà sọ pé a ní kó fi gbogbo oko di igbó. Àkùrọ̀ tí yanrìn kò tíì dé, kí ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó jọ ya àwòrán rẹ̀, kí ìwé ìkọ́lé má ṣe tibẹ̀ jáde mọ́.

Ní ti ilẹ̀kùn dáàmù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi díẹ̀díẹ̀ láti oṣù keje, kí wọ́n sì máa kéde bí adágún ṣe ga tó lórí rédíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní èdè tí olóko àkùrọ̀ gbọ́, kó lè mọ ọjọ́ tí yóò kó ilá rẹ̀. Bí òjò ìkẹyìn bá wá kùnà, àìtó omi yóò kan àwọn tó ń mu omi ẹ̀rọ ní Èkó. Mo gbà pé ó yẹ kó kàn wọ́n díẹ̀. Láti 1983 ni ará Ìbàrò àti Apojola ti ń ru tiwọn.